Ọjọ́ Tí Charlie Brown Kọ́kọ́ Kọjá Létí Títì

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán sọ ní Adó-Èkìtì. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mú pẹ́ńsù àti bébà wá bí mo ṣe bẹ̀ yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Èkìtì Kete, mo kí yín o.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n tú àwọn kan sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé "Àsọyé lórí Ẹ̀pà", mo sì rí bàbá àgbẹ̀ méjì tó jókòó lẹ́yìn, tí wọ́n ti gbájú mọ́ mi. Ẹ má bínú, bàbá mi. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀pà tó ń pọ́n lóko. Ẹ̀pà tèmi ni Peanuts, àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn tí Charles Schulz, ará Amẹ́ríkà, fi nǹkan bí àádọ́ta ọdún yà. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dìde. Ẹ̀pà tòótọ́ náà wà nínú ìtàn mi.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ní Ìkéré. Onígbàjámọ̀ ni bàbá mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ìyá kan máa ń jókòó sí tó ń yan ẹ̀pà tà, bébà tó sì fi ń wé e jẹ́ ìwé ìròyìn òkè òkun tó ti gbó, tí wọ́n ń kó wọ ọjà ní ìdì-ìdì. Yóò ká a bí ìwo, yóò bu ẹ̀pà sí i, yóò tẹ ẹnu rẹ̀ pa. Lọ́jọ́ kan, mo jẹ ẹ̀pà tán, mo tú bébà náà bóyá ó ku ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, mo bá rí ọmọkùnrin kan tí orí rẹ̀ róbótó bí àgbọn, tí irun rẹ̀ kò ju fífà pẹ́ńsù bíntín níwájú orí lọ. Mo mú un lọ fi han bàbá mi. Ó gbé abẹ sílẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Ta ló fá irun ọmọ yìí báyìí?"

Ó tó ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀ pé onígbàjámọ̀ ni bàbá Schulz náà, ní ìlú St. Paul, ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Ó fi iṣẹ́ náà fún bàbá Charlie Brown pàápàá nínú àwòrán rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ èyí, mo rẹ́rìn-ín, mo tún banú jẹ́ díẹ̀, torí bàbá mi ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, ọdún 1950 ni àwòrán yìí kọ́kọ́ jáde, nínú ìwé ìròyìn 7 péré. Schulz kò tíì pé ọdún 28. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Kánádà ló fi ìwé kìn-ín-ní ránṣẹ́ sí mi, èyí tó kó àwọn àwòrán 1950 sí 1952 pọ̀. Mo sì ti fi dígí ojú kà á láìmọye ìgbà. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ní àpótí-àpótí, torí mẹ́rin péré ni.

Àpótí kìn-ín-ní: ọmọ méjì jókòó létí títì. Shermy lorúkọ ọkùnrin, Patty lorúkọ obìnrin. Ọmọ kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Shermy ní, ẹ wò ó, Charlie Brown wa ló ń bọ̀ yẹn! Àpótí kejì: ọmọ náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ń kọjá, inú rẹ̀ dùn. Shermy ṣì ń kì í: Charlie Brown ọmọ dáadáa, àní sẹ́! Àpótí kẹta: ó ti kọjá lọ. Charlie Brown ọmọ dáadáa. Àpótí kẹrin: ó ku àwọn méjèèjì nìkan. Ojú Shermy ti yí padà bírí. Ó ní òun kórìíra rẹ̀ gan-an ni!

Ó tán. Ẹnikẹ́ni ò ṣubú, ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ̀ṣẹ́. Patty ò la ẹnu. Ẹni tí wọ́n kórìíra ò sì gbọ́.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí ẹ ń rẹ́rìn-ín sí. Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde lórí àga, tó sanwó, tó ní "ó dàárọ̀ o", òun ni wọ́n máa fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ títí ẹlòmíràn yóò fi dìde. Wọ́n á kí i dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á kí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Bó bá ti yí kọ́nà báyìí, ẹnì kan á pòṣé. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń jókòó síbẹ̀ di alẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fárí tán. Ọ̀rẹ́ ò dénú, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Inú àpótí kẹrin ọjọ́ yẹn ni gbogbo Peanuts wà, ṣùgbọ́n ẹni tó gbìn ín kò mọ ohun tó gbìn. Ó ní láti máa yà á lójoojúmọ́ fún ọdún bíi mélòó kan kó tó yé òun fúnra rẹ̀ irú ẹni tó ń kọjá lọ létí títì yẹn.

Ta ni Schulz? Wọ́n bí i ní Minneapolis ní 1922. Ẹ̀kọ́ àwòrán tó kọ́, inú lẹ́tà ló ti kọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ kan ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, yóò yà á, yóò dá a padà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwòrán lórí fóònù, ẹ gbọ́ bí?) Ní 1943 ni wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun, àkókò yẹn gan-an ni àrùn jẹjẹrẹ pa ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ó padà sí ilé ẹ̀kọ́ oní-lẹ́tà yẹn, ó di ọ̀kan nínú àwọn tó ń máàkì iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀ ń jẹ́ Charlie Brown. Ó yá orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 1947, ó ń ya àwòrán àwọn ọmọdé kan sínú ìwé ìròyìn ìlú rẹ̀, ó pè é ní Li'l Folks. Ìyẹn ló gbé tọ United Feature Syndicate lọ, ilé iṣẹ́ tó ń ra àwòrán lọ́wọ́ ayàwòrán, tó ń pín in fún ìwé ìròyìn káàkiri.

Wọ́n gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò gba orúkọ. Wọ́n ní ó jọ orúkọ àwọn àwòrán mìíràn tó ti wà nílẹ̀. Wọ́n bá sọ ọ́ ní Ẹ̀pà láìbi í léèrè. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn wọ̀nyí ò wo ilé, wọn ò wo ìta. Schulz kórìíra orúkọ náà dọ́jọ́ ikú. Ó ní kò níyì. Ó tún da àwọn èèyàn rú, torí kò sí ọmọ kan nínú àwòrán náà tó ń jẹ́ Ẹ̀pà, àwọn kan sì ń kọ lẹ́tà pé àwọn fẹ́ràn Ẹ̀pà àti ajá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń kọ ọ́ sábẹ́ àkọlé ọjọ́ Àìkú pé ti Charlie Brown ọmọ dáadáa ni àwòrán yìí. Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ ẹnu Shermy ló mú, ó fi dí ojú àpá.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àpótí, torí ìyẹn kan ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jẹun lórí iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni tó fún Schulz ní ààyè. Ilé iṣẹ́ náà ta àwòrán rẹ̀ fún àwọn olóòtú pé kì í gba àyè: àpótí mẹ́rin tó dọ́gba, tí èèyàn lè tò ní ìbú, ní òró, tàbí ní méjì-méjì, bí ojú ìwé bá ṣe fẹ́ ẹ. Ó kéré ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó dun Schulz. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi ṣe. Níbi tí àwọn tókù ti ń ya igi, ilé, ọkọ̀ àti èèyàn ogún, ó ya etí títì, ó fa ìlà kan fún koríko, ó gbé orí ńlá ka ọrùn ọmọ kékeré, ó sì fi ojú àti ẹnu yẹn sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Kò ya àgbàlagbà sí i. Àyè dà?

Ẹ̀yin ará Ìkéré tó wà níbí mọ ilẹ̀kùn tí mo fẹ́ dárúkọ. Láàrin 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà, ọba Ìkéré. Ó pín in sí àpótí-àpótí. Nínú ọ̀kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́, olorì rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nínú èyí tó kọjú sí i, òyìnbó ń bọ̀, wọ́n ń gbé e, Ambrose tó jẹ́ aṣojú ìjọba nígbà náà ni. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, British Museum sì fẹ́ ẹ. Ògògà ò gba owó, àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ló wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Èmi kì í sọ pé Ọlọ́wẹ̀ ló kọ́kọ́ ya àwòrán ẹ̀fẹ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rẹ̀ mí. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá ti dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn, kódà nínú fọ́tò, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un bí àpótí kan ṣe ń bá èkejì sọ̀rọ̀. Ọlọ́wẹ̀ kún gbogbo àyè tó ní. Schulz fi tirẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ọ̀nà méjèèjì ló dára, àmọ́ ti Schulz ló bá bébà tó kéré mu.

Ó wá kù sí ọwọ́ Charlie Brown fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ mọ̀ ni ọmọ tí gbogbo nǹkan ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n ń na ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú eré bọ́ọ̀lù, tí kò rí lẹ́tà gbà. Ẹ lọ ka ti 1950 àti 1951. Ìpátá ọmọ ni! Yóò sọ òkò ọ̀rọ̀ sí Patty tàbí Violet, ọmọbìnrin mìíràn nínú àwòrán náà, yóò fẹsẹ̀ fẹ ẹ, ẹ ó rí i nínú àpótí tó kẹ́yìn tó ń sáré tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lé e bọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gan-an kò ní ìlà wọ́gọwọ̀gọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ó di oṣù Kejìlá 1950 kó tó yọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló pe ara rẹ̀.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn ọmọ jòjòló. Schroeder dé ní 1951, ọmọ ọwọ́ ni. Kò pẹ́, ó ti jókòó nídìí dùùrù kékeré ìṣeré, ó ń fi í lu orin Beethoven. Lucy dé ní oṣù Kẹta 1952, ojú rẹ̀ ṣe rogodo, ọmọ kékeré tó ń da ilé láàmú ni. Linus àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, kò lè dá jókòó. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti dàgbà bá Charlie Brown, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Òun kò kúrò lójú kan. Àwọn tó gbé jó ló wá ń gbá a lójú. Ẹ̀gbọ́n èwo ló wà níbí tí irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí rí?

Shermy ńkọ́, tó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́? Ó ń pòórá díẹ̀díẹ̀. Kò ní ìwà kan pàtó, Schulz sì ń mú un jáde nígbà tó bá nílò ẹni tí kò ní ìwà. Bó ṣe ń rí fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn nìyẹn, tàbí bó ṣe yẹ kó rí.

Snoopy dé lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá. Ajá ni, ajá lásán, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń rìn. Kò lórúkọ títí di oṣù Kọkànlá. Kò hàn pé ó ní olówó, ajá àdúgbò ni, ilé tí wọ́n bá ti ń jẹun ló wà. Àwòrán ajá tí Schulz ní ní kékeré ló wà lọ́kàn rẹ̀, Spike, ajá tó ń jẹ abẹ́rẹ́ àti abẹ ìfárí. Ọmọ ọdún 14 ni Schulz nígbà tó ya ajá yìí ránṣẹ́ sí àwọn Ripley tó ń kó ohun ìyanu jọ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1937. Ní 1952 ni èrò inú Snoopy kọ́kọ́ hàn lókè orí rẹ̀, ó di 1956 kó tó fi ẹsẹ̀ méjì rìn.

Àwọn bàbá wa ti mọ ọgbọ́n kan tó sún mọ́ èyí. Bí aládùúgbò bá ń ṣe wọ́n, wọn ò ní bá a jà, wọ́n á ra ajá, wọ́n á sọ ọ́ ní Tanímọ̀ọ̀la, wọ́n á wá dúró lójúde máa pè é kíkankíkan nígbà tí aládùúgbò bá ń kọjá. Ọ̀rọ̀ olówó rẹ̀ ni ajá tiwa ń gbé kiri. Ajá Schulz ń ro tirẹ̀, ohun tó sì máa ń rò ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ò mọ nǹkan kan.

Mo ti sọ pé ìkórìíra àpótí kẹrin gba ọdún díẹ̀ kó tó gbó. Ẹ gbọ́ ti bọ́ọ̀lù. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n: Lucy á mú bọ́ọ̀lù dúró, Charlie Brown á sáré wá gbá a, Lucy á fà á kúrò, ó di gbì! Ẹ̀yìn á nà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Lucy ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú oṣù Kọkànlá 1951, Violet ló di bọ́ọ̀lù náà mú, ẹ̀rù ló bà á pé yóò gbá òun lọ́wọ́, ló bá jù ú sílẹ̀. Ojo ni, kò sí ìkà níbẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ló kan Lucy, ìyẹn náà ní bàtà Charlie Brown ni kò mọ́, kó má baà dọ̀tí sí bọ́ọ̀lù òun. Àwáwí ọmọdé. Ọdọọdún ni Schulz ń padà sídìí rẹ̀, àwáwí ń dínkù, títí tó fi ku Lucy tó ń fa bọ́ọ̀lù torí pé ó wù ú. Bí mo ṣe ka àwọn àwòrán yìí tẹ̀ lé ara wọn, ara mi bù máṣọ. Mo ti mọ àwọn èèyàn tó gba ọ̀nà yẹn, láti ojo dé àwáwí, láti àwáwí dé ibi tí wọn ò ti nílò àwáwí mọ́.

Ìtàn kan kù tí mi ò lè fò. Lópin 1954, Schulz mú ọmọbìnrin tuntun wá, Charlotte Braun, tó ń fi gbogbo ẹnu pariwo. Ó ya ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà gbàgbàgbà. Àwọn èèyàn ò fẹ́ ẹ. Obìnrin kan kọ lẹ́tà sí Schulz pé kó jọ̀ọ́ mú ọmọ yìí kúrò. Schulz fèsì ní oṣù Kìn-ín-ní 1955. Ó ní òun gbà, àmọ́ kí obìnrin náà àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rántí pé ikú ọmọ aláìṣẹ̀ ti wà lọ́rùn wọn, ṣé wọ́n ṣe tán láti ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, ó ya Charlotte tí àáké wà lórí rẹ̀. Charlotte ò pẹ́ nílé ayé mọ́. Ariwo rẹ̀ ò kú ṣá o, Lucy ló jogún rẹ̀. Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ìjọba Amẹ́ríkà, ló ń tọ́jú lẹ́tà yẹn báyìí.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọdún ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì pọ́n, pé kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1960 lọ. Schulz fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn àwọn iṣẹ́ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn ò tún tẹ̀ títí ó fi kú, àfi ìgbà tí ilé ìtẹ̀wé Fantagraphics bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo rẹ̀ jáde ní 2004. Mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn ọjọ́ kan wà ní 1951 tí ẹ̀fẹ̀ náà ò lọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà ọwọ́ rẹ̀ nígbà náà! Ó mọ́, ó le, kò gbọ̀n. Nígbà tó dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì hàn nínú ìlà. Kò gba ẹnikẹ́ni láyè kó bá òun ya ọ̀kankan nínú 17,897 rẹ̀. Ó kú lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2000, àwòrán tó kẹ́yìn sì jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà yẹn, ìwé ìròyìn 7 ti di èyí tó ju 2,600 lọ.

Mo ti sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí mo dánu dúró, mo ní kí àwọn ọ̀dọ́ ya àpótí mẹ́rin tó dọ́gba, kí wọ́n jẹ́ kí ẹnì kan kọjá lọ níwájú ẹni méjì. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fún wọn. Ọ̀pọ̀ ló ya ọ̀kadà. Ọ̀kan ya olóṣèlú tó ń kọjá nínú mọ́tò dúdú, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín kó tó dé àpótí kejì. Mo wá dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan nítòsí fèrèsé. Ìyá méjì ló yà, wọ́n ń gún iyán nínú odó kan, ìyá kẹta ń kọjá, wọ́n ń kí i. Ọmọ odó kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Àpótí mẹ́ta ti kún. Ìkẹrin ṣófo, ó sì ti gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ mi, kí ló dé? Àkókò ti tó."

Ó ní, "Bàbá, mi ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n kórìíra wọn."